Ọbẹ̀ Ẹja àti Púpurú: Ibi Tí A Lè Ti Ṣọ́wó Ná, àti Ibi Tí Kò Yẹ Kí Ọ̀bẹ Dé

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tí ó kọjá, lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin kan tí ń gbé ní ìlú ńlá. Ó ní owó tí òun fi ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ kò tó se ti ọjọ́ mẹ́ta mọ́, nítorí náà òun ti yọ ẹja kúrò nínú ọbẹ̀ pátápátá. Ata, epo àti iyọ̀ ni ó kù, òkèlè ẹ̀gẹ́ sì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ní ọ̀sán àti ní alẹ́, nítorí pé kò sí oúnjẹ mìíràn tí owó rẹ̀ kéré tó o. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn,” bẹ́ẹ̀ ni ó fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, “kí ikùn àwọn ọmọ lè máa kún, kí n má sì máa gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.”

Ìyá ọlọ́mọ, mo kí yín, mo sì kí gbogbo ilé. Ẹ kò ṣe ohun ìtìjú kankan. Àwọn tí ń ṣe bí ẹ ti ń ṣe pọ̀ lọ jàra ní àdúgbò gbogbo, àìsí owó kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti gé owó kúrò gan-an ni ibi tí kò yẹ kí ọ̀bẹ dé. Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọbẹ̀ kan fún yín, èyí tí a fi tọ́ èmi àti àwọn àbúrò mi dàgbà nígbà tí owó kò sí nílé wa rárá.

Ilẹ̀ Ìlàjẹ wà ní ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí odò àti ọ̀sà ti ń pàdé òkun ńlá. Ní abúlé tí mo ti dàgbà, orí òpó ni a kọ́ ilé sí, ọkọ̀ ojú omi ni a sì fi ń lọ kí aládùúgbò. Ilẹ̀ tí omi iyọ̀ ń wọ̀ kì í gba ẹ̀gẹ́ dáadáa. Ẹja ni àwa ní. Ọwọ́ àwọn ará Ìkálẹ̀ tí ń dáko ní ilẹ̀ gbígbẹ ní ìhà Òkìtìpupa ni ẹ̀gẹ́ wà. Ọjà Igbókọ̀dá ni a ti máa ń pàdé: agbọ̀n ẹja yíyan ń lọ, àpò ẹ̀gẹ́ àti púpurú ń bọ̀. Ẹ ṣe àkíyèsí eléyìí dáadáa: ẹja ni a fi ń ra ẹ̀gẹ́ wọ ilé wa, nítorí náà kò sí ọjọ́ kan tí a jẹ òkèlè ẹ̀gẹ́ tí ẹja kò sí nínú ọbẹ̀. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí yín, ṣùgbọ́n mo ń padà bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ìkòkò amọ̀ kan ṣoṣo ni ìyá mi ní fún ọbẹ̀, ènìyàn mẹ́jọ ni ó sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ọgbọ́n ìkòkò kan yìí kì í ṣe ti Ìlàjẹ nìkan. Ní ilẹ̀ Hungary ní Yúróòpù, àwọn darandaran ní ìkòkò tiwọn tí wọ́n ń gbé ka iná ní pápá. Ẹran díẹ̀, àlùbọ́sà púpọ̀, àti ata pupa nígbà tí ata dé ilẹ̀ wọn, wọn a sì jẹ́ kí ó hó pẹ́. Orúkọ àwọn darandaran náà ni ọbẹ̀ ń jẹ́ ní èdè wọn, òun ni àwọn òyìnbó tí ó kù wá ń pè ní goulash, tí wọ́n ń tà ní owó gọbọi ní ilé oúnjẹ ńlá lónìí. Bí ẹran bá kéré, a fi sùúrù àti iná jẹ́jẹ́ fa adùn rẹ̀ jáde, kí ó lè kárí. Ohun tí ìyá mi náà ń ṣe nìyẹn, àfi pé ẹja ni tirẹ̀.

Ọbẹ̀ tí mo ń sọ yìí ni ọbẹ̀ marúgbó. Marúgbó jẹ́ ewé kan tí ó máa ń gun igi bí àjàrà. Bí a bá lọ̀ ọ́ tí a sì sè é, ọbẹ̀ náà yóò dúdú. Àlejò tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé a jẹ́ kí ó jóná ni. Òun ni a máa ń sè fún abiyamọ tuntun. Àwọn àgbà ní ó ń fọ inú obìnrin mọ́ lẹ́yìn ìbímọ. Èmi kò ní fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹja púpọ̀, omi ọbẹ̀ gbígbóná àti ewé tútù dára fún ẹni tí ń fún ọmọ lọ́mú, bóyá marúgbó ń fọ nǹkan tàbí kò fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú tí ẹ kò lè rí marúgbó, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Igbókọ̀dá. Ewúro tí a fọ̀ tí ó ṣẹ́kù díẹ̀ ní kíkorò, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ úgú tàbí ṣọkọ àti ewé ẹfinrin ìkúnwọ́ kan, yóò ṣe iṣẹ́ náà. Kò ní dúdú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ikùn kì í wo àwọ̀.

Báyìí ni mo ṣe ń sè é fún ènìyàn mẹ́fà. Mo máa ń ra ẹja ṣawá yíyan mẹ́jọ, àwọn kéékèèké tí àwọn olówó máa ń fojú fò. Mo máa ń ra edé gbígbẹ agolo mílíìkì kan, irú ṣíbí ìjẹun méjì, ata bí agbára ilé bá ti tó, àlùbọ́sà kan, àti kókò kékeré kan. Mo kọ́kọ́ máa ń ṣẹ́ orí ẹja, n ó la inú rẹ̀, n ó yọ ìfun àti ìdin bí ó bá wà, n ó sì da omi gbígbóná tí ó ní iyọ̀ díẹ̀ lé e fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè bó àlùbọ́sà. Lẹ́yìn náà n ó ṣàn án. Ẹ má ṣe fojú kéré fífọ̀ yìí. Ẹja yíyan ti gba èéfín àti eruku ọ̀nà jíjìn, ẹ kò sì mọ ọwọ́ mélòó ni ó ti tẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó kàn yín.

Àwọn kan lára àwọn tí ń kó ẹja gbígbẹ pamọ́ a tún máa da oògùn apakòkòrò sí i, irú èyí tí a fi ń pa aáyán nínú ilé, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Májèlé ni. Ẹja gbígbẹ tí eṣinṣin kò fẹ́ bà lé láàrin ọjà, tàbí tí ń rùn bí oògùn nígbà tí ẹ bá gbé e sí imú, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Omi gbígbóná kò lè fọ ìyẹn kúrò.

Mo ti ṣẹ́ orí ẹja tán, ẹ ó sì rò pé mo sọ ọ́ nù. Rárá o. Orí àti egungun àárín ni ọrọ̀ ọbẹ̀ yìí. Bí orí bá ti mọ́ tán, n ó yọ ìjàgbà rẹ̀, n ó kó o pọ̀ mọ́ egungun àti ìdajì edé náà, n ó gún un nínú odó títí yóò fi kúná bí èlùbọ́. Èyí ni mo kọ́kọ́ máa ń dà sínú omi tí ń hó, pẹ̀lú kókò tí mo ti gé wẹ́wẹ́ àti àlùbọ́sà. N ó dín iná kù, n ó sì fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kókò yóò yọ́, yóò sì mú omi náà ki. Ìgbà náà ni ata lílọ̀ àti irú yóò wọlé, lẹ́yìn náà ẹran ara ẹja tí mo ti ya sí wẹ́wẹ́ àti edé tí ó kù. Ewé ni ó ń kẹ́yìn. Marúgbó lílọ̀ nílò bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Úgú àti ẹfinrin kò nílò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, kí oore inú wọn má baà bá ooru lọ.

Ìyá mi kì í fi epo sí marúgbó. Èmi máa ń fi ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sí i bí mo bá fi ewé ìlú sè é, nítorí pé ohun tí ń dáàbò bo ojú ọmọdé pọ̀ nínú epo pupa, èyí tí àwọn onísègùn ń pè ní fítámì A. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ epo pupa ní tòótọ́. Bí ẹ bá dá epo sórí iná tí ẹ sì jó o títí tí ó fi funfun, adùn lè wà níbẹ̀, fítámì náà ti lọ pẹ̀lú èéfín.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi fẹ́ràn ẹja gígún. Gbogbo wa mọ bí a ti ń pín ẹja nínú ilé Yorùbá àtijọ́. Baba ní àárín, àlejò ní orí, ìyá ní ìrù, àwọn ọmọ a sì máa lá ìka. Bí ọmọ bá béèrè, a ní ọmọ tí ń jẹ ẹran tàbí ẹyin yóò di olè lọ́la. Nínú irú àwọn ilé báyìí ni àrùn kan ti ń ba àwọn ọmọ jà: ẹsẹ̀ wọn á wú, irun wọn á pọ́n, awọ ara wọn á máa bó, wọn kò sì ní fẹ́ ṣeré mọ́. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1933. Ní 1935 ó tẹ orúkọ tí àwọn ará Gã ń pe àrùn náà jáde fún gbogbo ayé: kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò rẹ̀ ń bọ̀. Àgbàdo ni wọ́n ń fi bọ́ àwọn ọmọ náà, ohun tí ó lè mú ara dàgbà kò sì tó nínú rẹ̀. Ikùn wọn kún o.

Ẹja tí a ti gún sínú ọbẹ̀ kò ní àárín tí baba yóò mú. Ọmọ tí ó bá fi òkèlè kan omi ọbẹ̀ lásán ti jẹ ẹja, àti egungun tí ń mú eyín àti eegun ọmọ le pẹ̀lú. Mo ti rí baba kan tí ó wo abọ́ rẹ̀ títí, tí ó béèrè pé, “Níbo ni ẹja wà?” Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn pé, “Baba, gbogbo abọ́ náà ni ẹja.” Ó jẹ ẹ́ tán. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́ kí egungun má baà há a lọ́fun, kí ẹ sì bu tirẹ̀ kúrò kí ata tó wọlé.

Ó kù òkèlè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà jù.

Púpurú ni òkèlè ọbẹ̀ yìí. A óò bó ẹ̀gẹ́, a óò fọ̀ ọ́, a óò rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan. A óò yọ okùn inú rẹ̀, a óò dì í sínú àpò, a óò fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ ro jáde. A óò wá fi ọwọ́ rọ ọ́ bí bọ́ọ̀lù, a óò tò ó sórí pẹpẹ lókè iná igi, kí èéfín àti ooru máa gbẹ ẹ́. Ara rẹ̀ yóò dúdú. Inú rẹ̀ yóò funfun. Nígbà tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, a óò fi ọ̀bẹ ha dúdú ara rẹ̀ dànù, a óò gún funfun inú rẹ̀, a óò jọ̀ ọ́, a óò sì rò ó nínú omi híhó. Ẹ ha á dáadáa, nítorí pé èédú èéfín kò ṣe ara lóore.

Bí ẹ ti rí i, iṣẹ́ tí ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ni. Nítorí náà ni àwọn tí ń kánjú fi ń gé ọjọ́ rẹ̀ kù. Èmi fúnra mi ti ṣe é rí, ojú sì ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ẹnì kan fún mi ní àpò ẹ̀gẹ́ láti oko, èyí tí ó korò. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo rẹ ẹ́ sínú bàsíà. Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, ìdajì rẹ̀ ṣì le koránkorán. Àlejò ń bọ̀, owó kò sí lọ́wọ́. Mo rin àwọn tí ó le, mo fún gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo yan án lórí sìtóòfù, ó sì di òkèlè ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹja ti tán nílé. Ata àti epo ni a fi jẹ ẹ́. Kò tó wákàtí mẹ́ta tí àbíkẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní orí ń fọ́ òun, ilé sì ń yí òun lójú. Ìgbà tí èmi náà dìde láti gbé wọn, mo di ògiri mú. Ní ilé ìwòsàn, ohun àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì bi mí ni pé, “Màmá, kí ni wọ́n jẹ?” Wọ́n tọ́jú wa, ó sì dùn mọ́ mi pé a padà sílé ní ọjọ́ kejì. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ni mo wà lórí bẹ́ǹṣì tí mò ń ka bébà ara ògiri.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé nínú, pàápàá èyí tí ó korò. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ wà ní odidi, májèlé náà so mọ́ nǹkan mìíràn, kò sì lè jáde. Bí a bá rẹ ẹ́ tí ó rọ̀, tàbí tí a bá rin ín, ara ẹ̀gẹ́ yóò fọ́, okùn tí ó so májèlé náà yóò já, yóò sì di sáyánáìdì. Omi ń fọ òmíràn lọ, afẹ́fẹ́ àti ooru iná ń gbé èyí tí ó kù lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ nílò ọjọ́. Bí a bá gé ọjọ́ kù, inú ikùn wa ni a gbé iṣẹ́ tí omi kò rí ṣe tán lọ.

Ara ènìyàn náà kò jókòó lásán. Bí sáyánáìdì díẹ̀ bá wọlé, ara ní ọ̀nà láti sọ ọ́ di nǹkan tí ipá rẹ̀ kéré púpọ̀, kí a sì tọ̀ ọ́ dànù. Ṣùgbọ́n ara kò lè ṣe é láì sí imí-ọjọ́, inú ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà ni ó sì ti ń rí irú imí-ọjọ́ tí ó lè lò. Ibí ni mo ti padà sórí ohun tí mo ní kí ẹ ṣe àkíyèsí. Ọjà Igbókọ̀dá tí ó so ẹja pọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ ti ṣe ju òwò lọ. Ẹja inú ọbẹ̀ ni ó ń bá ara wa ṣètò ohun tí ó bá ṣẹ́kù nínú òkèlè. Ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ tí ó sì yọ ẹja kúrò, ìyá ọlọ́mọ, ó ti lé olùṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mò ń dẹ́rù bà yín, kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Mòsáńbíìkì ní 1981. Ọ̀dá mú àgbègbè Nampula ní àríwá ilẹ̀ náà. Ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan ni kò kú ní oko. Ebi kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè dúró kí ẹ̀gẹ́ gbẹ dáadáa nínú oòrùn bí wọ́n ti máa ń ṣe, kò sì sí ẹja tàbí ẹ̀wà tí wọn ìbá fi tì í lẹ́yìn. Àwọn tí ó ju 1,000 lọ, obìnrin àti ọmọdé ni púpọ̀ nínú wọn, jí lójijì pé ẹsẹ̀ àwọn ti le gbagidi, wọn kò sì lè rìn dáadáa mọ́. Ẹsẹ̀ tí ó bá ti bàjẹ́ báyìí kì í padà sípò. Konzo ni a ń pe àrùn náà, láti inú èdè Yaka ní ilẹ̀ Kóńgò, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí a dè.

Nítòsí wa níhìn-ín náà, ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ti Fásitì Ìbàdàn ṣe ìwádìí láàrin àwọn ará abúlé ní àgbègbè Ẹ̀pẹ́, àwọn tí ó jẹ́ pé oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ ní ojoojúmọ́. Ó rí àwọn tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń ta wọ́n bí iná, tí ẹsẹ̀ wọn kú tìpìrì tí wọn kò fi lè rìn gúnlẹ̀ nínú òkùnkùn, tí ojú wọn ṣe bàìbàì tí etí wọn sì di. Ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1968 sọ ọ́ di ohun tí àwọn onísègùn káríayé ń kà. Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀lé e ṣì ń jiyàn bóyá sáyánáìdì nìkan ni ó fa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ pé kí a máa jẹ ẹ̀gẹ́ lásán láì sí ohun amúradàgbà.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí sá fún púpurú o. Púpurú tí a ṣe dáadáa dára, mo sì ń jẹ ẹ́ títí di òní. Bí ẹ bá ń ṣe é fúnra yín, ọjọ́ kọ́ ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n, ọwọ́ ni. Ẹ mú ẹ̀gẹ́ tí ó tóbi jù nínú bàsíà, kí ẹ fi ìka méjì tẹ àárín rẹ̀. Bí ó bá fọ́ láì sí kókó líle nínú, ó ti tó. Ní ìgbà òjò àti ìgbà ọyẹ́, nígbà tí omi bá tutù, ó lè gba ọjọ́ kan tàbí méjì sí i. Bí ẹ bá ń rà á, ẹ la ọ̀kan wò: kí inú rẹ̀ funfun, kí ó gbẹ dé àárín, kí ó rùn ìkan díẹ̀. Ẹ yan oníbàárà kan tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì bi í ní ọjọ́ mélòó ni ó fi rẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá dá yín lóhùn pé ọjọ́ kan, ẹ kí i, kí ẹ kọjá lọ.

Wàyí o, owó. Mo mọ̀ pé ẹja ti wọ́n. Ní etíkun wa, òkun ń jẹ ilẹ̀. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì dá sílẹ̀ ní 1947, níbi tí wọ́n ti pa iṣẹ́ àti ọrọ̀ wọn pọ̀ tí wọ́n sì ń jẹun bí ọmọ ìyá kan, ilé púpọ̀ ti wọ inú omi, àti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹja ní ìlú ńlá kò lè ṣàì mọ̀ ọ́n lára. Síbẹ̀ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gé kù wà. Ẹ gé òkèlè kù: ìdá mẹ́rin òkèlè tí ẹ bá dín kù lójúmọ́ yóò ra ṣawá. Ẹ jáwọ́ nínú ẹja ńlá tí a ń gé sí ègé. Ṣawá àti edé ni kí ẹ máa rà, nítorí pé gbogbo rẹ̀ ni ó wọ inú ikùn. Ẹ gé mágí kù, irú yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú mágí, àjọ ìlera àgbáyé sì ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ máà tó gíráàmù 5, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí ṣíbí tíì kan, pẹ̀lú ti inú mágí àti ti ẹja yíyan.

Ní ọjọ́ tí kò bá sí owó ẹja rárá, ẹ má ṣe jẹ ẹ̀gẹ́ ní ọjọ́ náà bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ se ẹ̀wà. Bí ó bá di dandan pé òkèlè ẹ̀gẹ́ ni, ẹ se gbẹ̀gìrì, kí ẹ bu edé gígún ṣíbí ìjẹun méjì sí i. Lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ni kí òkèlè ẹ̀gẹ́ wá sórí tábìlì. Kí oúnjẹ kejì jẹ́ iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ín-mọ́ín. Bí ọmọ kan nínú ilé bá ń kọsẹ̀ lójijì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tàbí tí ó ń bì lẹ́yìn tí ó jẹ òkèlè, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà, kí ẹ sì sọ ohun tí ó jẹ fún dókítà láì fi ọ̀kan pamọ́.

Ọbẹ̀ marúgbó máa ń dùn sí i ní ọjọ́ kejì. Bí ẹ kò bá ní fìríìjì, ẹ bu èyí tí ẹ ó jẹ kúrò kí ẹ tó ki ṣíbí ìjẹun bọ inú rẹ̀, kí ẹ gbé èyí tí ó kù ka iná kí ó hó dáadáa ní alẹ́, kí ẹ dé e, kí ẹ má sì ṣí i mọ́ títí di òwúrọ̀ tí ẹ ó tún jẹ́ kí ó hó. Ọjọ́ méjì ni mo máa ń fi jẹ tèmi. Bí ó bá ń hó fóòmù nígbà tí kò sí lórí iná, ẹ dà á nù, bí ó ti wù kí ó dùn yín tó.